Ẹyẹ Tí Wọ́n Kùn sí Ìrù Bàálù

Obìnrin ayàwòrán kan wà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Rúlà. Kì í ṣe pé ó ga, kì í sì í ṣe pé ó tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò sí ohun tí kì í fojú wọ̀n. Bó bá wọ ilé onílé, àwòrán tó wọ́ lára ògiri ni yóò kọ́kọ́ rí kó tó kí àwọn tó bá níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ya àmì fún àwọn iléeṣẹ́: àmì ara àpò sìmẹ́ńtì, àmì ara ìgò oògùn, àmì iwájú ilé ìfowópamọ́. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ìkejì yìí ló kó bá a.

Ohun kan wà tí Rúlà kórìíra ju àwòrán tó wọ́ lọ: àmì àwọn iléeṣẹ́ bàálù. Ó ti gé wọn jọ láti inú ìwé ìròyìn, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri yàrá iṣẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí ọlọ́pàá bá lẹ àwòrán ọ̀daràn. Ẹyẹ. Ẹyẹ. Ẹyẹ tó na ìyẹ́. Ìyẹ́ tí kò ní ẹyẹ. Orí ẹyẹ tí wọ́n gé kúrò lára. Oòrùn tó ń yọ àbí tó ń wọ̀, ẹni tó yà á gan-an kò lè sọ. Àgbáyé tí ìlà yí ká bí ẹrù tí wọ́n dì lókùn. Adé lórí ohun tí kò ní orí. Ọfà tó kọjú sókè, bí ẹni pé èrò lè ṣèèṣì rò pé ìsàlẹ̀ ni bàálù ń lọ. Tó bá wá di ọ̀rọ̀ àwọ̀, búlúù ni gbogbo wọn, àfi èyí tí ọ̀gá rẹ̀ láyà tó fi pupa díẹ̀ sí i.

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé adìyẹ ni wọ́n ń sìn ni?” Bẹ́ẹ̀ ló máa ń bi ẹni tó bá wọlé. “Irin ni wọ́n rà, irin tó ń jó epo. Ẹyẹ wo ló ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ èrò?”

Àbúrò kan ló ní, obìnrin, ọmọ ìyá kan náà. Inú bàálù ni ìyẹn ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń kí èrò káàbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó ń fi bí wọ́n ṣe ń so bẹ́líìtì hàn wọ́n, tó ń pín tíì, tó ń rẹ ọmọ tó bá ń ké lẹ́kún. Àwọn méjèèjì àti ìyá wọn ni wọ́n jọ ń gbé inú ilé alájà kan. Nígbà tí iléeṣẹ́ bàálù tuntun kan gba àbúrò yìí síṣẹ́, tó gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò ya àmì fún wọn, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ sọ fún ọ̀gá tirẹ̀, títí tó fi dé etí ẹni tó ni iléeṣẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi ni,” ó sọ fún wọn. “Ẹ ṣáà gbé e fún un, kẹ́ ẹ lọ sùn.”

Alága ni wọ́n ń pe ẹni tó ni iléeṣẹ́ náà. Táyà ló fi là. Orí rẹ̀ pá, ó ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ọrùn rẹ̀ gùn, bó bá sì ń sọ̀rọ̀, ńṣe ló máa ń nà án síwájú bí ẹni tó fẹ́ tún ọ̀rọ̀ náà ṣà jẹ. Bàálù àlòkù méjì ló rà. Ẹyẹ tí ẹni tó kọ́kọ́ ni àwọn bàálù náà kùn sí wọn lára ṣì ń yọjú lábẹ́ ọ̀dà funfun tí wọ́n fi bò ó, bí òkú tó kọ̀ tí kò rọ̀run. Ènìyàn ì bá rò pé ìyẹn á tó kọ́ Alága lọ́gbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ẹyẹ. Kò kọ́ ọ.

Rúlà gbé àwòrán tirẹ̀ lọ síwájú wọn. Ìlà funfun kan ṣoṣo ni, tó bẹ̀rẹ̀ ní tínínrín nísàlẹ̀ ìrù bàálù, tó ń fẹ̀ bó ṣe ń gòkè, lórí àwọ̀ ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Bí ènìyàn bá wò ó, ọkàn rẹ̀ á gbéra nílẹ̀ díẹ̀, kò sì ní í mọ ohun tó gbé e.

Alága wò ó. Ó yí orí sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì.

“Ẹyẹ dà?”

“Kò sí ẹyẹ níbẹ̀, sà.”

“Mo rí i pé kò sí. Ibi tó lọ ni mò ń bi ọ́.”

Ọkùnrin kan jókòó lápá ọ̀tún Alága, wọ́n ń pè é ní Ọ̀gá Ìpolówó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún ohun tí Alága bá sọ sọ, àmọ́ kó gùn ju bí Alága ṣe sọ ọ́ lọ. “Ohun tí Alága ń wí,” ó ní, “ni pé èrò tó bá rí bàálù tí kò ní ẹyẹ, kò ní í dá a lójú pé bàálù náà lè fò.”

“Sà, gbogbo iléeṣẹ́ bàálù ló ti ní ẹyẹ,” ni Rúlà wí. “Bẹ́ ẹ bá tún kun ẹyẹ sí tiyín, báwo ni wọ́n á ṣe dá yín mọ̀?”

“Bí gbogbo wọn bá ní, tí tèmi ò wá ní, ṣé wọn ò ní í sọ pé agbára mi ò ká a ni?” Alága na ọrùn rẹ̀ síwájú. “Ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò láìfara kan ra. Àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé o gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí pé ojú ọ̀run tó ìlà?”

Gbogbo ìdí tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wọn dùn mọ́ Alága, ó sì wá ń to ohun tó fẹ́ lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni tó ń ránṣẹ́ ọjà: idì ni kó jẹ́, kó na ìyẹ́, kó fi èékánná di àgbáyé mú, kí oòrùn máa yọ lẹ́yìn rẹ̀, kó sì dé adé.

“Àti ìràwọ̀, sà,” ni Ọ̀gá Ìpolówó wí.

“Ṣebí mo ti fẹ́ dé orí ìràwọ̀.” Alága fi ìka kan ti àwòrán Rúlà padà sí i. “Ìlà yìí, ọmọ ọmọ mi wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Bí mo bá fún un ní ṣọ́ọ̀kì báyìí, á fà á.”

Rúlà ká àwòrán rẹ̀, ó kí wọn, ó jáde. Kò tíì dé ìdí àtẹ̀gùn tó ti ń gbọ́ ẹ̀rín wọn lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹlòmíràn ì bá lọ ya ẹyẹ fún wọn kó jẹun rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá ní òun ò ṣe mọ́. Rúlà kò ṣe èyí, kò ṣe ìyẹn. Ó gba ẹ̀yìn ilé ìpẹran lọ, níbi tí wọ́n ń da ìwo àti pátákò sí, tí àwọn igún máa ń bà sí. Ó fi aṣọ bo imú, ó jókòó sórí àpótí, ó sì ń ya igún láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi mú. Ó ya bí wọ́n ṣe ń sún ọrùn mọ́ èjìká. Ó ya bí wọ́n ṣe ń na ìyẹ́ sá sí oòrùn. Ó ya orí pípá. Nígbà tó délé, ó kó ohun gbogbo tí Alága bèèrè jọ sára igún kan: àgbáyé wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí ẹran tó já gbà lẹ́nu ajá, oòrùn ń yọ lẹ́yìn rẹ̀, adé tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ lórí pípá bí ìdérí ìkòkò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó fún un ní ọrùn gígùn. Ẹni tó bá ti rí Alága rí, tó wá rí ẹyẹ náà, kò ní í bèèrè ẹni tó bí i.

N ò ní í purọ́ mọ́ ọn, kò yà á ní ìyàkuyà. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ìyàkuyà. Ìlà kọ̀ọ̀kan mọ́ tónítóní, ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan jókòó síbi tó yẹ. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé wọn yóò rí i, ojú yóò tì wọ́n, wọn yóò lé òun jáde, òun yóò sì gbé orí sókè jáde bí ọba.

Ó ṣí aṣọ lójú àwòrán náà níwájú wọn. Alága dìde lórí àga. Ó sún mọ́ ọn, ó jìnnà sí i, ó tún sún mọ́ ọn, omi sì lé ròrò sí i lójú.

“Idì,” ó ní. “Idì mi nìyí.”

“Ẹ wo ọrùn yẹn, sà,” ni Ọ̀gá Ìpolówó wí. “Ọrùn onírẹ̀lẹ̀. Ẹ wo bó ṣe tẹ èjìká, ó fi hàn pé ẹrù èrò ni ó rù. Orí yẹn náà, ẹ ò rí i pé ó mọ́? Kò ní ohun tó fẹ́ fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.”

Rúlà la ẹnu, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó tún pa á dé. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, ẹ jẹ́ kí n wo ibi tí ìwà òmùgọ̀ àwọn wọ̀nyí máa dé. Ó kí wọn tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, ó sì rẹ́rìn-ín láti ìdí àtẹ̀gùn títí dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Wọ́n kun igún sí ìrù bàálù méjèèjì, ó ga ju ilé alájà kan lọ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára ife tíì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára àpò tí èrò ń bì sí. Wọ́n fi irin pupa ṣe é ní báàjì, wọ́n sì há a mọ́ àyà gbogbo òṣìṣẹ́ inú bàálù àti iwájú fìlà wọn.

Àwọn tó ń kó ẹrù ní pápá bàálù kò lọ sí ilé ìwé àmì yíyà, wọn kò sì ní ọ̀gá ìpolówó tí yóò túmọ̀ ọrùn fún wọn. Ọjọ́ tí wọ́n rí bàálù náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Bàálù Igún. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, gbogbo ìlú ti gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn-àjò á bi ẹnì kejì rẹ̀ pé, “Ṣé Igún lo fẹ́ wọ̀?” Tí bàálù bá pẹ́ kó tó gbéra, wọ́n á ní ó ń dúró de òkú. Nínú bàálù gan-an, bí àbúrò Rúlà bá gbé tíì dé ọ̀dọ̀ èrò, ọ̀gbẹ́ni kan á fojú wo báàjì àyà rẹ̀, á ní, “Arábìnrin, mi ò tíì kú o, ẹ ní sùúrù,” gbogbo ìlà ìjókòó á sì rẹ́rìn-ín. Ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Wọ́n kọ́ ọ níbi iṣẹ́ pé kó máa rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó délé, ó wọ yàrá iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó yọ báàjì náà, ó gbé e sórí tábìlì.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹyẹ wo lẹ yà?”

Inú Rúlà dùn. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ẹni tí yóò sọ fún. “Igún ni!” Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí ó ṣe lọ sí ẹ̀yìn ilé ìpẹran, bí Alága ṣe ń sunkún, bí Ọ̀gá Ìpolówó ṣe ń yin ọrùn igún. Ó sín ohùn wọn jẹ. Ó fi aṣọ ìnuwọ́ dé adé sórí, ó na ọrùn, ó ń rìn káàkiri yàrá.

Àbúrò rẹ̀ ń wò ó.

“Ta lẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́?” ló wá bi í.

“Alága ni. Òun àti àwọn ọ̀dẹ̀ tó yí i ká.”

“Alága kì í wọ báàjì, ẹ̀gbọ́n mi. Inú yàrá tó tutù ló wà, kò sẹ́ni tó ń bi í bóyá ó ti rí òkú. Àyà mi ni igún wà. Orí mi ló wà. Èmi ni mò ń gbé e kiri láàárín èrò láràárọ̀.” Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. “Èmi náà ni mo lọ bá wọn pé ẹ mọ iṣẹ́.”

Rúlà bọ́ aṣọ ìnuwọ́ kúrò lórí. “Mi ò rò ó dé ọ̀dọ̀ ẹ.”

“Mo mọ̀ pé ẹ ò rò ó dé ọ̀dọ̀ mi.”

Ìyá wọn tó ń lọ aṣọ ní yàrá kejì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. “Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló ń bà,” ó ké sí wọn láti ibi tó wà. Kò fi ohunkóhun kún un, ó ń lọ aṣọ rẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ sí i tí orúkọ náà fi dé etí Alága. Kò bèèrè ìdí tí gbogbo ìlú fi ń pe ẹyẹ rẹ̀ ní igún. Ìlú ló dá lẹ́bi. Ó pàṣẹ pé idì ni, idì náà ni kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa pè é, ẹni tó bá pè é ní nǹkan mìíràn kó gba ilé rẹ̀ lọ. Ọ̀gá Ìpolówó kọ àṣẹ náà gùn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn.

Bàbá àgbàlagbà kan wọ bàálù lọ́jọ́ kan, ó jókòó ní iwájú pátápátá. Kò ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí àbúrò Rúlà ń gbé omi fún un, ó tẹ ojú mọ́ báàjì náà, ó bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Ọmọ mi, ẹyẹ wo tilẹ̀ nìyí?”

Àárẹ̀ ti mú ọmọbìnrin náà. Kò sí irọ́ kankan tó kù lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà. “Igún ni, bàbá,” ó ní. “Gbogbo wa la mọ̀.”

Bàbá ìyàwó Alága ni bàbá náà, ó sì sọ ohun tó gbọ́ fún Alága. Kó tó di pé wọ́n kó ẹrù èrò tán nínú bàálù, wọ́n ti gba fìlà lórí ọmọbìnrin náà, wọ́n sì ti lé e níṣẹ́.

Nígbà tó dé ilé tó sọ ọ́, Rúlà kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó wọ bàtà, ó gba ọ̀dọ̀ Alága lọ. Ó bá a nínú ọ́fíìsì pẹ̀lú Ọ̀gá Ìpolówó. Àwòrán ẹyẹ náà wà lógiri lẹ́yìn orí rẹ̀, wọ́n ti fi gíláàsì sí i lójú.

“Sà,” ó ní, “àbúrò mi kò parọ́. Igún ni. Èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ní igún. Inú ló bí mi sí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ sí iṣẹ́ mi, mo sì yà á láti fi yín ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ dá ọmọ náà padà síṣẹ́. Èmi ni kẹ́ ẹ mú.”

Alága yí ẹ̀yìn padà wo ògiri. Ó gbé ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, ó fi kan orí ara rẹ̀ tó pá.

“Ta ló tún mọ̀?”

“Gbogbo ayé, sà.”

“Ká sòótọ́, sà,” ni Ọ̀gá Ìpolówó wí, “ó ti pẹ́ tí ọrùn yẹn ti ń kọ mí lóminú.”

“Jáde,” ni Alága wí fún un. Ó jáde, ó sì ń wí lẹ́nu ọ̀nà pé ohun tí Alága ń wí ni pé kí òun jáde.

Ó ku àwọn méjèèjì. “Orí mi lo yà,” ni Alága wí. Kò na ọrùn rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. “Nígbà tí mò ń yí táyà lẹ́bàá títì, igún làwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí. Mo ti ra bàálù, mo rò pé mo ti fò kúrò níbẹ̀.”

Rúlà ti múra sílẹ̀ fún ariwo, ó ti múra sílẹ̀ fún èébú. Kò múra sílẹ̀ fún èyí. Ó wo bàtà ara rẹ̀. “Ẹ má bínú, sà,” ó ní.

Ká ní Alága dúró síbẹ̀, ènìyàn ì bá káàánú rẹ̀ títí dòní. Àmọ́ kò dúró síbẹ̀. Ó nu ojú, ó na ọrùn, ó tún di Alága padà. “Wàá yà á tuntun. Níbí, lójú mi. Ọ̀fẹ́ ni. Bó bá wù mí, màá dá ọmọ náà padà.”

Rúlà jókòó sídìí tábìlì nínú ọ́fíìsì náà, Alága dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, èémí rẹ̀ ń fẹ́ sí i lọ́rùn. “Na ìyẹ́ yẹn sí i. Ojú rẹ̀ kò le tó. Ìyẹn ni oòrùn? Ṣe é kó tóbi. Adé dà?” Rúlà ń fà á. Ó ya idì. Ó fi àgbáyé sí i lẹ́sẹ̀. Ó fi oòrùn sí i lẹ́yìn. Ó fi ìràwọ̀ sí i. Ó kùn ún ní búlúù, Alága wò ó títí, ó ronú jinlẹ̀, ó ní kó fi pupa díẹ̀ sí i. Nígbà tí ó parí, kò sí ohun tó yà á sọ́tọ̀ lára èyíkéyìí nínú gbogbo ẹyẹ tó wà láyé.

“Ṣé o rí i báyìí?” ni Alága wí, inú rẹ̀ dùn. “Kò sí ẹlòmíràn tó ní irú èyí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” ni Rúlà dáhùn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi bàálù tí wọ́n tún kùn han aráyé, wọ́n to àga sí pápá bàálù, wọ́n pe àwọn oníròyìn. Wọ́n ti dá àbúrò Rúlà padà síṣẹ́. Ó wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn bàálù pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó gbé àwo tí ife ohun mímu dídùn wà lórí rẹ̀ dání. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi Rúlà sí.

Oníròyìn kan bèèrè lọ́wọ́ Alága pé ta ló ya ẹyẹ tó rẹwà báyìí.

Alága tẹrí ba díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ yin ara rẹ̀. “Lójú àlá ni mo ti rí i,” ó ní. “Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú lẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ mi yìí ni mo fi yà á.” Ó gbé ọwọ́ náà sókè fún wọn kí wọ́n rí i. Ọ̀gá Ìpolówó ní ohun tí Alága ń wí ni pé ẹ̀bùn àbímọ́ ni.

Àtẹ́wọ́ sọ. Rúlà gbójú sókè, ó rí i pé àbúrò òun ń wò òun láti ibi àtẹ̀gùn, ó ń wò ó ṣùn-ùn, kò sì gbé ojú kúrò. Rúlà dìde nílẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù, òun náà sì pàtẹ́wọ́, ó pa á dáadáa, ó pa á títí àwọn tó kù fi dáwọ́ dúró.

Lẹ́yìn tí ohun gbogbo parí, àbúrò rẹ̀ wá bá a níbi ọkọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé e níṣẹ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ kò ju “ẹ káàárọ̀” àti “omi ti hó” lọ.

“Mo rí i pé ẹ pàtẹ́wọ́.”

“Mo pa á.”

“Ó dùn yín?”

“Ó dùn mí dé egungun.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni àbúrò rẹ̀ wí. Ó wọlé sínú ọkọ̀, ó gbé àpò rẹ̀ lé itan, ó sì sún díẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí ibi jókòó.